Kẹ́ẹ̀gì Epo Ilé Ìyá Ọkọ Mi

Bí ọmọ mi ọkùnrin bá ti ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi dé, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé sí imú. Màá gbọ́ òórùn àtẹ́lẹwọ́, màá yí i padà gbọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀, màá sì yẹ abẹ́ èékánná wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá epo pupa ṣẹ́ kù síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá ní kó yanu. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà, ó sì ti mọ iṣẹ́ yìí débi pé, bó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, á ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi mu oògùn náà ní àmupara.

Ọmọ méjì ni mo bí, àìsàn kan náà ló sì ń bá àwọn méjèèjì fínra. Àkọ́bí mi obìnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti wú láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn ṣàlàyé fún wa pé omi kan wà tó máa ń gba inú ẹran ara kọjá, tó yẹ kó máa ṣàn padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ti ọmọ mi kì í rí ọ̀nà padà dáadáa, nítorí pé ojú ọ̀nà rẹ̀ kò pé láti inú oyún. Wọ́n ní kò sí oògùn tí yóò mú un kúrò pátápátá, ìtọ́jú ló kù. Láràárọ̀, màá fọ ẹsẹ̀ náà, màá nu àárín ọmọ ìka rẹ̀ gbẹ, màá fi ìpara sí i, màá sì wé bándéèjì láti ọmọ ìka dé orúnkún. Kò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà. Abẹ kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí pé ojú egbò kékeré lè di ibà àti ìwúkuwù tí yóò gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni tirẹ̀ wá le jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì máa ń wú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìfun rẹ̀ kò lè gbé ọ̀rá. Bó bá jẹ ohun ọlọ́ràá, ikùn rẹ̀ á yọ síta, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru tó funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kún, okun inú rẹ̀ á sì máa tán lọ lójú wa báyìí. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún méjì ni wọ́n rí ìdí rẹ̀. Obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ nílé ìwòsàn náà fún mi ní ìwé kan tí wọ́n to èèwọ̀ rẹ̀ sí: epo pupa, òróró, bọ́tà, mílíìkì ọlọ́ràá, wàrà, ẹ̀pà, ẹran ọlọ́ràá, àti ohunkóhun tí a bá dín. Ó ní, "Màmá, gbogbo oúnjẹ wa kọ́ ló lè gba inú ìwé kan. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ pè mí, ẹ bi mí." Mo ní mo ti gbọ́. Tíṣà ni mí ní Moniya, àwọn ọmọ ìwé kẹrin ni mò ń kọ́. Mo wo ìwé náà, mo wo obìnrin náà tí kò lè ju àbúrò mi lọ, mo sì sọ nínú mi pé ta ni yóò kọ́ mi ní ìwé kíkà?

Ohun tí kò sí nínú ìwé náà ni bí èèyàn ṣe ń gbé pẹ̀lú aládùúgbò. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í kọjá níbi tí àgbà ti ń jẹun kí wọ́n má fi òkèlè kan sí i lẹ́nu. Ahun ní í jẹun tí ọmọ ń wò ó. Nítorí náà, mo ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni tó ń polongo ìbò: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọ mi ní nǹkan kan." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n. Obìnrin tó ń ta gáàsì ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tilẹ̀ bi mí pé, "Ìyáàfin, ṣé àjẹ́ la pe ara wa ni?" Òmíràn ní ọmọ tí kì í jẹ epo, ṣé kì í ṣe ọmọ òrìṣà? Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo wú, àìsàn ni wọ́n pè é. Nígbà tó di méjì, wọ́n ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bóyá èmi náà mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wò mí ni èmi náà ń wò wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń wò jù ni ìyá ọkọ mi.

Ìrókò ni wọ́n ń gbé, lórí ilẹ̀ bàbá ọkọ mi. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti bàrà, wọ́n sì ń ṣe róbó tà lọ́jọ́ ọjà. Ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni èmi, ìyẹn kò sì fa ìjà kankan rí. Ọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́ ló ba àárín wa jẹ́. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n rí ẹsẹ̀ àkọ́bí mi nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní, "Ṣé a ò ní sín gbẹ́rẹ́ sí i kí omi yìí lè ráyè jáde?" Mo pariwo. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, mo ní bí ẹnikẹ́ni bá fi abẹ kan ọmọ mi, ìjọba ni yóò bá wa parí ẹ̀. Ará ilé pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá ọkọ mi kò dá mi lóhùn. Wọn kò sì sọ ọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ èrò wọn mọ́ nípa ohunkóhun tó jẹ mọ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ mi. Ẹlòmíràn á ní ó ti tán nìyẹn. Lójú tèmi, ẹni tó bá dákẹ́ báyẹn, ó ní ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ẹni.

Kò sì sí bí mo ṣe lè ṣe é kí àwọn ọmọ má lọ sí Ìrókò. Mo ń ka ìwé kún ìwé mi, ọjọ́ Sátidé àti àkókò ìsinmi ni wọ́n ń kọ́ wa. Ọkọ mi, akọ̀wé níjọba ìbílẹ̀ ni, kò sì lè wé bándéèjì kó má tú kí ọmọ tó dé ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà ni mo ṣe sọ àkọ́bí mi di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọmọ ọdún méje ni. Bí wọ́n bá ti dé, màá pè é sí yàrá.

"Kí ni Màmá Ìrókò fún àbúrò rẹ jẹ?"

"Èkuru, ma. Pẹ̀lú ẹja tí wọ́n bọ̀."

"Kí ni wọ́n fi jẹ èkuru ọ̀hún?"

"Ẹ̀fọ́ ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èkuru náà ni, ma. Gbogbo wa la jẹ ẹ́."

Irọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀ nínú mi. Wọ́n ti kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò sọ. Mo mọ ọbẹ̀ ilé yẹn kí n tó bímọ, ọbẹ̀ tó ń pọ́n bí ilẹ̀ ọ̀nà Ìrókò lẹ́yìn òjò. Ta ni yóò jẹ èkuru funfun lásán níbẹ̀, tí kò ṣàìsàn?

Nílé tèmi, kò sí ibi tí ẹ̀sùn lè gbà wọlé. Ìkòkò ọmọ yìí yàtọ̀, mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí rẹ̀. Ṣíbí rẹ̀ yàtọ̀. Ẹja tútù ni mò ń bọ̀ fún un, màá yọ awọ rẹ̀ sọnù. Èyí tí mo fi ń yangàn jù ni ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mò ń sè fún un láìsí epo. Màá lọ ẹ̀gúsí kúnná, màá dà á sínú omi ẹja, màá fi ẹ̀fọ́ sí i, ẹ̀kán epo kan kò ní kán sí i. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń fi ọmọ ìka nu àwo. Fún ọmọ tí ara rẹ̀ ń joro, inú mi máa ń dùn pé ohun aṣaralóore wọ inú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí alẹ́ tí n kì í sè é.

Síbẹ̀, ara ọmọ kò yá. Nígbà tí a padà lọ sílé ìwòsàn, ó ti fọn, ikùn ló yọ síta. Dókítà bi mí ohun tó ń jẹ. Mo ka gbogbo ohun tí kì í jẹ sílẹ̀ bí ọmọ ìwé tó ń ka ìsọdipúpọ̀. Ó ní, "Rárá o, èyí tó ń jẹ ni mo bi yín." Mo ní ẹ̀kọ, ìrẹsì, ẹja, ẹ̀fọ́, àti ọbẹ̀ tí kò lépo. Ó wo àyẹ̀wò rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ, ó ní, "Ó ń rí ọ̀rá jẹ níbì kan." Inú bí mi, ọkàn mi sì tún balẹ̀, nítorí pé mo mọ ibẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo sọ fún ọkọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìyá mi?"

"N kò ní wọ́n fẹ́ pa á. Mo ní wọ́n ń ṣàánú rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò dáa."

"O rí i níbi tí wọ́n ti fún un?"

"Ṣé dandan ni kí n rí i?"

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà kò bẹ̀ ẹ́. Mo fi odindi oṣù méjì gbé àwọn ọmọ lọ sí yàrá ìkàwé lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń jókòó sẹ́yìn mi pẹ̀lú ìwé àwòrán. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ọkùnrin ń kún sí i ni. Bàtà tí a rà fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kò wọ̀ ọ́ mọ́ nígbà tó fi máa parí. Ẹni tó ní ọpọlọ ì bá ti dúró níbẹ̀ rò ó. Èmi kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí tíṣà kíláàsì rẹ̀, sí ìyá tó ń ta puff-puff lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, àní sí ọkọ mi pàápàá, pé bóyá ó ń fi ìbínú fún un ní àkàrà.

Nígbà tó di àkókò ìdánwò, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá mọ́. Ìrókò ni wọ́n lọ. Mo fi ìwé èèwọ̀ náà lé ìyá ọkọ mi lọ́wọ́, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé wọn kò lè kà á, mo sì tún un kà sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, ìyàwó." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo lọ kó wọn, ọmọ mi ọkùnrin sáré pàdé mi. Ikùn rẹ̀ ti wọlé. Bàtà tí kò wọ̀ ọ́ mọ́ tún ti ń bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àkọ́bí mi wà nínú bándéèjì tí wọ́n wé mọ́lẹ̀ gírígírí, ó dọ́gba, ó dára ju ti èmi tí wọ́n kọ́ nílé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: inú mi kò dùn. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní kí ni wọ́n fún un? Ṣé hàǹtú, omi wàláà àwọn ààfáà, ni wọ́n ń fọ̀ fún un mu ni, àbí àgbo? Nígbà tí a délé, mo bọ́ aṣọ lára àwọn méjèèjì, mo wá ojú gbẹ́rẹ́ láti orí dé gìgísẹ̀. N kò rí nǹkan kan. Àkọ́bí mi dúró níbẹ̀, ó ń wò mí. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó pẹ́ lára mi.

Mo se ẹ̀gúsí aláìlépo fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí mo gbà pé àárò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ikùn ti yọ padà. Mo ní ó tán, wọ́n ti fi oògùn de ọmọ mi, kó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni ara rẹ̀ yóò ti máa yá. Mo pinnu pé n ó lọ ká wọn mọ́ ibẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí Ìrókò láàárọ̀ bí ẹni pé mo fẹ́ lọ sí kíláàsì. Nígbà tí oòrùn mú, mo gun ọ̀kadà láti Moniya, mo sì bọ́ sílẹ̀ kí a tó dé ojúde, kí wọ́n má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìnkùlé. N kò lọ síbẹ̀. Ilé ìdáná ni mo gbà lọ tààrà.

Mo ṣí ìkòkò kìíní: èkuru. Mo ṣí èkejì: ẹ̀fọ́, tí kò pọ́n rárá. Mo wo inú agbọ̀n, mo wo orí àjà, mo wo ẹ̀yìn ìdì igi ìdáná. Ibẹ̀ ni mo ti rí i, lábẹ́ àpò ìdọ̀họ kan tó ti gbó: kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Mo ti mú wọn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á jáde síbi ìmọ́lẹ̀, ó wúwo, ó kún dé ọrùn.

Eruku tó wà lára rẹ̀ nípọn débi pé àmì ọwọ́ mi hàn kedere lórí rẹ̀. Alántakùn ti ta okùn láti ọrùn kẹ́ẹ̀gì mọ́ ara ògiri, ó já sí mi lọ́wọ́. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí ẹni tó tà á fi dé e lẹ́nu ṣì wà lábẹ́ ọmọrí, okùn tó fi so ó kò tíì tú.

"Ìyàwó, o káàbọ̀."

Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú kẹ́ẹ̀gì, ìkúnlẹ̀ náà sì rọrùn láti fi kí wọn. Mo ní, "Ẹ kú ilé o, Màmá."

"Epo lo ń wá ni? Èyí ti pẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo rà á ni o wá sọ pé kí ọmọ má jẹ epo mọ́. Mo ní n ó tà á, mo kàn ń gbàgbé ni."

Ọdún méjì ti kọjá láti ìgbà tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Màmá? Ẹ̀yin náà kì í jẹ ẹ́?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo sọ. "Kí ọmọ mi jókòó kó máa wò mí lẹ́nu? Èèwọ̀ ọmọ, èèwọ̀ ilé ni."

Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìnkùlé, iṣẹ́ ń dúró de àwọn. Àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ àgbàdo sísè. Róbó ọjà ọ̀la ni ìyá ọkọ mi ń ṣe lọ́wọ́. Wọ́n ti gún ẹ̀gúsí sínú ọpọ́n, wọ́n ń ta omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń pò ó. Wọ́n bù ú lẹ́kùnwọ́, wọ́n fún un. Òróró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láàárín ọmọ ìka wọn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń kán sínú abọ́ tó wà nísàlẹ̀. Abọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì.

Ará ìlú ni mí, inú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ni mo ti ń ra róbó láti kékeré. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, òróró wo lẹ dà sí i?"

"N ò da nǹkan kan sí i. Ti ara rẹ̀ ni. Òun náà la ó tún fi dín in."

Mo ti ọwọ́ bọ inú ọpọ́n, mo bu ẹ̀gúsí, mo fún un. Ó ṣàn. Mo tún bù ú, ó tún ṣàn. Mo rí ìkòkò tí mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí nílé lọ́kàn mi. Mo rí ọmọ mi tó ń fi ọmọ ìka nu àwo lálaalẹ́.

Ìyá ọkọ mi kò gbé ojú sókè. Ohùn wọn rẹlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ fún mi pé ẹ̀gúsí lo máa ń sè fún un. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ wá, á wú. Bó bá lo ọjọ́ mélòó kan níbí, wíwú náà á lọ sílẹ̀. Èmi náà wá ń fura. Mo ní kí ló dé tí ìyá rẹ̀ ń ṣe báyìí? Mo tún ní bóyá àwọn dókítà ló ní kó máa jẹ ẹ́. Ìwọ lo kàwé."

"Ẹ̀yin Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Mo sọ ti gbẹ́rẹ́ níjọ́sí, ṣé o rántí? O jágbe mọ́ mi lójú gbogbo ilé. Mo ní n kò ní dá sí i mọ́."

Nígbà tí mo pe obìnrin inú ilé ìwòsàn yẹn lórí fóònù ní ọjọ́ Ajé, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Háà, Màmá! Ẹ̀gúsí kẹ̀? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni ọ̀rá. Ẹ ò ṣe bi wá?" Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi máńgòrò náà, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi mọ́. Ọdún méjì. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, ẹkún ló gbà mí lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ó tó, ó tó. Alhamudulilahi, ọmọ ṣì wà láàyè," wọ́n sì ń fún ẹ̀gúsí wọn lọ.

Ọmọ mi ọkùnrin rí i pé mò ń sunkún. Ó gbé àgbàdo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá bá mi, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ó gbé e sí imú. Ó gbọ́ òórùn àtẹ́lẹwọ́, ó yí i padà gbọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì yẹ abẹ́ èékánná mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Òróró ẹ̀gúsí ń kán láti ọmọ ìka mi sí i lẹ́sẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, epo wà lọ́wọ́ yín."